Wákàtí Mẹ́ta ní Sọ́ńkílà

Ọdún mẹ́rin gbáko ni Bọ́lárìnwá fi ṣe alágbàfọ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Wákàtí mẹ́ta péré ló lò ní ìlú Sọ́ńkílà ní ilẹ̀ Síámù. Nígbà tó padà dé Ìwó lọ́dún 1957, gbogbo wa rò pé ọdún mẹ́rin náà ni yóò máa ròyìn fún wa. Rárá o. A ò gbọ́ nǹkan kan nípa ọṣẹ. A ò gbọ́ nípa ṣòkòtò àwọn òyìnbó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ láti Èkó títí dé ìpẹ̀kun ayé. Wákàtí mẹ́ta yẹn là ń gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an nìyí. Ọkọ̀ wọn lọ kó ìrẹsì, ó dúró nítòsí Sọ́ńkílà, ọ̀gá ọkọ̀ sì ní kí àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Ọkùnrin ará ibẹ̀ kan ti ń dúró dè wọ́n létí omi, ó mú àsíá kékeré dání lórí igi. Afinimọ̀nà ni. Ó mú wọn káàkiri ìlú, ó ń fi eléyìí hàn wọ́n, ó ń fi tọ̀hún hàn wọ́n. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n gbéra. Nígbà tó di aago méjìlá, ọkọ̀ fọn fèrè pé kí wọ́n padà wá. Ó tán.

Lẹ́nu Bọ́lárìnwá, kò tán. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, wọ́n tilẹ̀ ní ó sọ ọ́ fún aboyún kan tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Nílé tiwa, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Òkè kan wà níbẹ̀, Ìyá. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sí i láti ìsàlẹ̀ dé orí. Bí ẹ bá gùn ún tán, omi lápá ibí, omi lápá ọ̀hún. Òkun nìyí, ọ̀sà nìyẹn."

"Kí lẹ lọ ṣe lórí òkè?" Ìyá Àgbà bi í.

"A lọ wò ó ni."

"Ẹ lọ wo kí ni?"

"Òkè náà, Ìyá. Àti ìlú nísàlẹ̀."

"Ìlú tí ẹ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. "Ọmọ yìí gun òkè kó lè rí ibi tó ti ń bọ̀."

Ìyẹn ò dá a dúró. Ó sọ fún wa nípa ère kan tí wọ́n fi wúrà bò, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Ó sọ nípa àwọn ọkùnrin tó fárí kodoro, tí aṣọ ọrùn wọn pọ́n bí ọsàn, tí wọ́n ń gbé abọ́ kiri láàárọ̀ tí àwọn ará ìlú sì ń bu oúnjẹ sí i fún wọn. Ó sọ nípa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ wà, tí ènìyàn méjì á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí ọba. Lóṣù kìíní, ère tó ń sùn náà gùn tó ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lóṣù kẹta, ó ti gùn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọjà. Mùrí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lókè wa ní òun ń dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ ère náà máa kan ìlú Ilé-Ogbó, kí òun lè lọ fọwọ́ kàn án.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán, bí kì í bá ṣe pé Bọ́lárìnwá ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Oyèníkẹ́ ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Aránṣọ ni, ó sì fẹ́ràn Bọ́lárìnwá. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé wọ́n fẹ́ fi ipá mú un. Nígbà tí gbogbo ilé bá ti sá fún Sọ́ńkílà, òun nìkan ló máa ń jókòó tì í. Á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Ìwó tó ń bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ẹbí Bọ́lárìnwá ti wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó ku ìjọ́hẹn. Bàbá Ògúnkúnlé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí ilé wa, ni yóò fún wọn lésì lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di ìyàwó. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ẹni tí yóò tún ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ nílé wa mọ́.

Àwọn tíṣà mẹ́jọ láti Ìbàdàn wá ṣe ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣófo fún wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ìlú. Pásítọ̀ wò yí ká, ta ni ká ní kó mú wọn rìn? Ojú gbogbo ènìyàn lọ sára Bọ́lárìnwá. Ojú òun alára ti dé ara rẹ̀ ṣáájú tiwọn.

"Ìwó ò létò ni," ó sọ fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. "Bí àlejò bá wọ ìlú yìí, kí là ń ṣe fún un? A ó fún un lómi. A ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, a ó bi í léèrè bàbá rẹ̀, a ó bi í bóyá àna rẹ̀ ti gbádùn. Kí a tó bi í tán, ilẹ̀ ti ṣú, kò rí nǹkan kan. Ní Sọ́ńkílà, wákàtí mẹ́ta, ibi mọ́kànlá!"

"Ibi mọ́kànlá wo lo fẹ́ fi hàn wọ́n ní Ìwó?" Ìyá Àgbà bi í.

Ó mú ìwé jáde lápò. Ó ti kọ wọ́n sílẹ̀. Ààfin ni ìkíní, láti ìta. Ilé kéú Àáfà Àmúdà wà níbẹ̀. Ìkòkò àwọn aláró wà níbẹ̀. Ìkẹsàn-án ni ilé Bàbá Ògúnkúnlé, nítorí pé òun ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọ́kọ́ dé àdúgbò wa, òpó rẹ̀ sì ní ọnà lára. Oyèníkẹ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ dùn pé ilé wa wà nínú nǹkan tí ènìyàn ń wò. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi àjákù aṣọ rán àsíá fún un, aláwọ̀ òféèfèé, ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oyèníkẹ́ ní kí n bá òun tẹ̀lé wọn. Ọmọbìnrin tí ìjọ́hẹn rẹ̀ kò tíì jáde kì í dá rìn tẹ̀lé ọkùnrin káàkiri ìlú. Bọ́lárìnwá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, ó wọ awò dúdú sójú, ó fi aago sọ́wọ́ òsì, ó mú àsíá dání lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ẹ̀yin arìnrìn-àjò," ó ké. Àwọn tíṣà wo ẹ̀yìn wọn bóyá àwọn kan tún ń bọ̀. "Òfin mẹ́ta. Ẹ máa wo àsíá. Ẹ má yà síbì kankan. Ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni, nítorí àsìkò."

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó sanra, Tíṣà Dúró ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ọ̀gá, bí a bá pàdé àgbàlagbà ńkọ́?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín sí i."

"Ẹ̀rín?"

"Ẹ̀rín, kí ẹ sì máa lọ."

A gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ìwó mọ̀ pé láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ààfin, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀, àgbà ló sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú. Nílé àkọ́kọ́, ohùn kan jáde: "Bọ́lárìnwá! Ẹ kú ìrìn o. Àwọn wo lò ń kó lọ yìí?"

"Iṣẹ́ ni, Bàbá!" ni Bọ́lárìnwá fi dáhùn, ó sì ju àsíá sókè. Orúnkún rẹ̀ ò tẹ̀, ọrùn rẹ̀ ò yí.

Èmi àti Oyèníkẹ́ ni a wà lẹ́yìn, ara wa ni ojú bàbá náà wá bọ́ sí. A kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà, àlejò ni wọ́n." A dìde, a sáré bá wọn. Ilé kejì, bákan náà. Ilé kẹta, ìyá méjì ló jókòó níbẹ̀, ọ̀kan ò sì gbọ́ràn dáadáa, a kí i lẹ́ẹ̀mẹta. Kí a tó dé ààfin, erùpẹ̀ ti pọ́n orúnkún ìró wa, a ń mí bí ẹni tó gbé igi.

Nígbà tí a dé ilé kéú, Bọ́lárìnwá dúró lójú títì, ó na ọwọ́. "Lápá ọ̀tún yín, ilé kéú. Àwọn ọmọ ń ka wàláà. Ẹ gbọ́ ohùn wọn."

Àáfà Àmúdà gbójú sókè láti orí ẹní. "Bọ́lárìnwá, ṣé o ò rí mi ni, àbí o rí mi tán?"

"Mo rí yín, Àáfà. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ wò."

Àáfà yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. "Ẹ dákẹ́. Ẹ gbé wàláà kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n, àwa náà."

Ogójì ọmọ ló dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n la ojú sílẹ̀, wọ́n ń wò wá. Tíṣà Dúró ò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí tún gèlè rẹ̀ ṣe. Nígbà tí a fi máa kúrò níbẹ̀, ó dà bíi pé àwọn ọmọ náà ló mọ̀ wá ju bí a ti mọ̀ wọ́n lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn aláró ló tún burú sí i. Ràhámọ̀tù, ọ̀kan nínú wọn, tẹ̀ sórí ìkòkò, apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Bọ́lárìnwá fi àsíá tọ́ka sí i. "Obìnrin tí ẹ ń wò yìí ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti kékeré. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ náà ti gbà á."

"Ta ló sọ fún ọ?" Ràhámọ̀tù nàró. "Ẹja ni ìyá mi ń tà. Ọdún méjì ni mo bẹ̀rẹ̀ aró. Ìwọ gan-an lo bá mi gbé ìkòkò yìí sọ̀ nígbà tó o dé láti orí omi, tó ò níṣẹ́!"

Àwọn aláró yòókù bú sẹ́rìn-ín. Bọ́lárìnwá wo aago. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní, "ibi mẹ́ta ló kù."

Báyìí la ṣe dé ilé wa.

Bàbá Ògúnkúnlé jókòó lórí àpótí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fárí. Onígbàjámọ̀ ti fá apá kan, ọṣẹ ṣì funfun lápá kejì. Wọ́n fi aṣọ ìnura bo èjìká, ojú wọn wà nílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá rí olórí ilé tó ń fẹ́ fọmọ fún un nírú ipò yẹn, á rọra yẹsẹ̀ títí wọn ó fi fárí tán, tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kíákíá kó sì kọjá. Mo rí Oyèníkẹ́ tó ti ń kúnlẹ̀ láti òkèèrè. Ó dúró de Bọ́lárìnwá kó lọlẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún Bọ́lárìnwá ló mú àsíá. Nítorí náà, ọwọ́ òsì ló gbé sókè. Ó nà án tààrà sí orí Bàbá.

"Lápá òsì yín," ó ní, ó fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́, "ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní àdúgbò yìí. Ẹ wo ọnà ara òpó. Nísàlẹ̀ òpó, ẹ ó rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń fárí bí wọ́n ti ń fá a láyé àtijọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Irú èyí ò pọ̀ mọ́ ní Ìbàdàn."

Abẹ dúró lọ́wọ́ onígbàjámọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Tíṣà Dúró, pẹ̀lú gbogbo ìsanra rẹ̀, ló kọ́kọ́ wó lulẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Àwọn tíṣà ọkùnrin yòókù tẹ̀lé e, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìfárí, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, sà." Àlejò mẹ́jọ wà nílẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀, onígbàjámọ̀ alára ti tẹ̀ ba. Ọmọ Ìwó kan ṣoṣo ló dúró gbagidi láàárín wa, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ẹ dìde," ó ní, "ẹ dìde o, àsìkò ń lọ!"

Bàbá Ògúnkúnlé kí àwọn àlejò dáadáa. Wọ́n bi wọ́n léèrè ilé, wọ́n bi wọ́n léèrè ọ̀nà, wọ́n ní kí wọ́n bu omi mu. Wọn ò wo apá ibi tí Bọ́lárìnwá wà rárá. Nígbà tí a fi máa kúrò níbẹ̀, wákàtí kan ti lọ, ibi kẹwàá àti ìkọkànlá ti bọ́ sọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lójú ọ̀nà, Oyèníkẹ́ sáré bá a. "Bùọ̀dá mi, ẹ ò kí Bàbá."

"Mo ń ṣiṣẹ́ ni," ó ní. "Afinimọ̀nà ni mo jẹ́ lónìí. Bó bá di ọjọ́ Ajé, màá wá gẹ́gẹ́ bí àna, màá dọ̀bálẹ̀ títí wọn ó fi sú."

Ọjọ́ Ajé dé. Àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ ti gbọ́, kò sí èyí tó gbà láti bá a wá. Lydia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nìkan ló tẹ̀lé e. Àǹtí Lydia kò tíì wọlé tó fi kúnlẹ̀, ó sì fi orúnkún rìn dé iwájú Bàbá. "Ẹ dárí jì wá, Bàbá. Orí omi ló ti pẹ́ jù. Ẹ dárí jì wá." Bọ́lárìnwá dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe, aṣọ rẹ̀ sì mọ́.

"Ẹ dìde, ẹ jókòó," ni Bàbá wí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Bọ́lárìnwá, wọ́n ní ìlú kan wà tí o lọ. Mi ò tíì gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ. Sọ ọ́ fún mi."

Ẹ ò rí i bí ojú Bọ́lárìnwá ti tàn! Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó fa àga súnmọ́ Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ láti etí omi. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà kó tó wọ ilé ère, ó gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá ń mi orí. Wọn ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó dára," ni wọ́n wí nígbà tó sinmi. "Ọkùnrin tó mú yín kiri yẹn, ọmọ ìlú ni?"

"Ọmọ ìlú pátápátá ni, Bàbá. Wọ́n bí i síbẹ̀."

"Àwọn àgbà ibẹ̀ ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀?"

"Wọ́n ń jókòó, sà. Bíi tiwa níbí."

"Nígbà tí afinimọ̀nà yẹn bá dé ọ̀dọ̀ wọn ńkọ́? Kí ló ń ṣe?"

"Há, Bàbá, ìyẹn gan-an ló fà wá sẹ́yìn!" Bọ́lárìnwá ṣáwọ́. "Ibikíbi tó bá ti rí arúgbó, á fi àsíá há abíyá, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú orí báyìí, á tẹ̀ ba. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ilé kan, ó tẹ̀ ba. Ilé kejì, ó tẹ̀ ba. Bí kì í bá ṣe gbogbo ìtẹ̀ba yẹn ni, à bá rí tó ibi mẹ́rìnlá."

"Bọ́lá," ni Àǹtí Lydia wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "dákẹ́."

Ó ti pẹ́ jù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní pípọ̀ níwájú orí, ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ìyá Àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn bojú wolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni.

Bàbá Ògúnkúnlé ò rẹ́rìn-ín. "Mo ti rò ó," wọ́n ní. "Àgbà ni mí, wọ́n lè tọ́ka sí mi lónìí, kí n gbàgbé lọ́la. Èmi kọ́ ni màá bá a gbé. Oyèníkẹ́, wá sọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú yàrá. Ó kúnlẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún, nítorí ó ti sunkún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gbẹ.

"Bàbá, tí ẹ bá ní kí n sọ ọ́, màá sọ ọ́. Ilé mẹ́tàlélógún ni mo ti kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí mo ń bẹ̀bẹ̀ nítorí Bùọ̀dá. Lẹ́yìn ilé kọ̀ọ̀kan mo ń sáré. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ nídìí kànga, àlejò ló gbé mi dìde. Ẹ bi Bùọ̀dá bóyá wọ́n mọ̀. Wọn ò wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan."

Bọ́lárìnwá sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀.

"Ó tó," ni Bàbá wí. "Ìyẹn lèsì wa."

Ìgbà yẹn ni Bọ́lárìnwá wá lọlẹ̀ ní tòótọ́. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe yẹn. Ó kàn wó ni, agbárí rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó rẹ̀ ká sókè lẹ́yìn. A ń retí kí Bàbá ní kó dìde, nítorí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kò lè dá ara rẹ̀ gbé nílẹ̀. Bàbá dìde ní tiwọn, wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Ó wà nílẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Àgbà wo àjà.

Oyèníkẹ́ ló wá súnmọ́ ọn.

"Ẹ dìde, Ọ̀gbẹ́ni," ó ní. "Ilẹ̀ tútù."

Ó dìde. Kò wo ojú ẹnì kankan, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àǹtí Lydia ni kò tẹ̀lé e gba ibẹ̀. Ó gba iwájú ilé jáde, ó ń kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà lọ títí dé ilé wọn, ó ń kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá a lóhùn.